Bàbá Wà Láyé, Kò Sí Nílé: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín

Ìwádìí kan tí a mẹ́nu bà láìpẹ́ yìí, tó ní ẹ̀wọ̀n òbí lè ba ọmọ jẹ́ ju ikú òbí lọ, rú ọ̀pọ̀ òǹkàwé lójú. Ìdáhùn wa nìyí.

Ṣé òótọ́ ni?
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo. Ní 2005, Joseph Murray àti David Farrington, àwọn onímọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, gbé àbájáde jáde lórí ọmọkùnrin 411 ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù: àwọn tí ẹ̀wọ̀n yà kúrò lọ́dọ̀ òbí nígbà èwe ya ìpáǹle ju àwọn tí ikú tàbí àìsàn yà kúrò lọ́dọ̀ òbí lọ. Nígbà tí wọ́n wo ti àwọn ọmọ Sweden ní 2007, tí wọ́n sì yọ ipa ìwà ọ̀daràn òbí kúrò, ipa ẹ̀wọ̀n fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nítorí pé ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ kì í pẹ́, tí wọ́n sì ń fàyè gba ìdílé láti ríra.

Báwo ni ẹ̀wọ̀n ṣe lè burú ju ikú lọ?
Bí bàbá bá kú, aráyé a wá bá ìdílé rẹ̀ kẹ́dùn. Bí ó bá lọ sẹ́wọ̀n, ẹsẹ̀ á dá nílé, ìtìjú á sì gba ipò ọ̀fọ̀. Ọmọ ń sunkún ẹni tó wà láàyè, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ni àwọn ọlọ́pàá ṣe wá mú bàbá lóru, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn ni àyà rẹ̀ yóò máa já. Ìyá, ẹ̀wẹ̀, di ìyá di bàbá lọ́jọ́ kan ṣoṣo: owó tí ọkọ ń mú wá ti dá, ti agbẹjọ́rò ti wọlé dé, ó sì lè jẹ́ àkọ́bí ni yóò máa fi ṣe olùdámọ̀ràn, bẹ́ẹ̀ ọmọdé ṣì ni.

Ṣé bàbá lè tọ́ ọmọ láti inú ẹ̀wọ̀n?
Ó lè ṣe é, bí ẹni tó ń tọ́jú ọmọ bá gbà fún un. Lẹ́tà tó béèrè bí ìdánwò ìṣirò ṣe lọ, ìtọ́jú ni. Abala 9 nínú Àdéhùn Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọdún 1989, fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti máa rí òbí tí a yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àfi bí ìyẹn kò bá ṣe é láǹfààní.

Ṣé kí a sọ fún ọmọ pé bàbá rìnrìn àjò?
Rárá, ẹ jọ̀wọ́. Ẹnu ẹlòmíì ni yóò ti gbọ́ òótọ́, kò sì ní gbà yín gbọ́ mọ́. Ẹ sọ pé: “Adájọ́ ní bàbá rú òfin. Ó wà lẹ́wọ̀n. Kì í ṣe ìwọ lo fà á.” Ẹ má yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn sílẹ̀, nítorí ọmọdé a máa di ẹ̀bi ru ara rẹ̀ láìsọ.

Bí a bá fẹ́ mú ọmọ lọ wo bàbá lẹ́wọ̀n ńkọ́?
Ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́dà lè yẹ ara rẹ̀ wò, pé dígí lè wà láàárín wọn, àti pé bàbá kò ní bá yín padà sílé.

Nígbà tí bàbá bá dé ńkọ́?
Ọmọ tó fi sílẹ̀ ní ọmọ ọdún 4 lè ti pé 9. Kí bàbá má fi ìbáwí bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ bi ìyá léèrè bí ilé ṣe ń lọ, kí ó máa sin ọmọ lọ sí ilé ìwé fún ìgbà díẹ̀, kí ó tó sọ fún un pé, “Má ṣe é mọ́.”