ALT wálẹ̀, ẹ̀dọ̀ lè má tíì yè

"ALT mi ti wálẹ̀, ẹ̀dọ̀ mi ti yá." Ẹni tó bá mú ìwé èsì ALT (ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n lẹ́jẹ̀) bọ̀ láti láàbù ní Òṣogbo sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, inú ẹ̀ á sì dùn. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ó sì lè jẹ́ òdìkejì ẹ̀ pátápátá.

Ìlú aró ni tiwa, ẹ jẹ́ ká lo ìkòkò aró. Bí ìkòkò bá sán, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ á rin. A mọ̀ pé ó ń jò, àmọ́ a ò mọ iye aró tó kù. Bí aró bá tán, ilẹ̀ náà á gbẹ. Inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ni ALT ti ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó bá fara pa ló ń tú u sẹ́jẹ̀. Ọ̀pọ̀ láàbù fi òkè ààlà ẹ̀ sí nǹkan bíi 40. Ẹni tí àpọ̀jù parasitamọ́ọ̀ ba ẹ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́ lè ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tí ìjò bá dúró, ìdajì á kúrò lẹ́jẹ̀ ní bí ọjọ́ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ tó ti di kìkì àpá kò ní sẹ́ẹ̀lì púpọ̀ tó lè jò mọ́, nọ́ńbà ẹ̀ á sì dáa lójú ìwé.

AST, ẹ́ńsáìmù kejì tó máa ń wà lójú ìwé èsì kan náà, tiẹ̀ tún ń dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí, torí ó tún wà nínú iṣan, ọkàn àti sẹ́ẹ̀lì pupa. Alábàárù tó rẹrù wúwo l'Ọ́jà Ọba lánàá lè ní i lọ́pọ̀ lónìí. Bí wọ́n bá mi ìgò ẹ̀jẹ̀ jìgìjìgì, sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ́, AST inú ẹ̀ á sì tú jáde. Omi tó lékè lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá yí i á pọ́n bíi sobo. Kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ fà ni.

Agbára ẹ̀dọ̀ gan-an, INR ni kẹ́ ẹ bi dókítà, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń pẹ́ sí kó tó dì (bó bá ṣe ga tó ló ṣe ń pẹ́ tó), pẹ̀lú bílírúbììnì (èyí tó ń mú kí ojú di yẹ́lò) àti albúmìnì (purotéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe). Albúmìnì máa ń pẹ́ kó tó fi hàn: ó ń tó bí 20 ọjọ́ kí ìdajì ẹ̀ tó kúrò lẹ́jẹ̀. INR kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgò ọlọ́mọrí búlúù ni wọ́n ń gbà á sí, ẹ̀jẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dé ojú ilà. Bí kò bá dé e, oògùn inú ìgò tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì á pọ̀ jù fún ẹ̀jẹ̀ náà, èsì á sì ṣini lọ́nà. Bí ALT bá ń já wálẹ̀ tí INR ń gòkè, tí ẹyinjú ń di yẹ́lò, tí aláìsàn ń sọ kántankàntan, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹni tó ní kòkòrò jẹdọ̀jẹdọ̀ B (hepatitis B) náà lè ní ALT tó wà ní déédéé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HBsAg ló ń fi í hàn. Ẹ má sì mu àgbo "fọ ẹ̀dọ̀" kí nọ́ńbà lè wálẹ̀. Àwọn àgbo kan wà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Èyí tẹ́ ẹ bá ti mu, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún dókítà.