Bí a ṣe ń pèsè nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì sílẹ̀ de fóònù íntánẹ́ẹ̀tì

Bí ìmeèlì bá pẹ́ lọ́nà fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, kò sẹ́ni tó máa fura. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ńṣe làwọn tó ń sọ̀rọ̀ á máa já lu ọ̀rọ̀ ara wọn. Ìdí nìyẹn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa láti ọjọ́ yìí fi lè dàrú lọ́jọ́ tí wọ́n bá so fóònù mọ́ ọn.

Fóònù náà máa ń gé ohùn sí wẹ́wẹ́, á sì máa kó o ránṣẹ́ ní ìdì dátà kéékèèké (packet) 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ G.711, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà sọ ohùn di dátà, ló ń lò, ìpè kan á gba nǹkan bíi kílóbíìtì 87 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní àlọ, àti bẹ́ẹ̀ náà ní àbọ̀. Ìpè mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà kò tiẹ̀ tó mégábíìtì kan. Owó tí wọ́n bá fi ra íntánẹ́ẹ̀tì tó tóbi sí i, òfò ló sábà máa ń jẹ́, torí ẹnu ọ̀nà àbájáde ni wàhálà wà.

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, ọ̀nà tí dátà ń gbà jáde kéré sí èyí tó ń gbà wọlé. Ká ní kọ̀ǹpútà kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi fáìlì ńlá pa mọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì: fáìlì náà á kún ẹnu ráútà, ìyẹn ẹ̀rọ tó so ọ́fíìsì mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, packet ohùn á sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ń gbọ́ oníbàárà ketekete, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ ń já gẹ́gẹ́ létí oníbàárà. Kò sì ní mọ̀, àyàfi bí wọ́n bá sọ fún un.

Ohun tó ń wo èyí sàn ni pé kí fóònù ní VLAN tirẹ̀, ìyẹn apá tó dá wà lọ́tọ̀ nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà, kí packet ohùn sì gbé àmì DSCP 46 tó ń sọ pé kò yẹ kó dúró, kí swíìṣì (ẹ̀rọ tó so fóònù àti kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì pọ̀) àti ráútà lè jẹ́ kó kọjá ṣáájú àwọn yòókù. Bí ráútà kò bá ka àmì yẹn sí, àsán ni iṣẹ́ tí swíìṣì ṣe. Ibí yìí ló yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ sí jù, kí wọ́n sì dán an wò nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná jù, kì í ṣe láàárọ̀ kùtù tí ọ́fíìsì ṣófo. Kí ohùn má pẹ́ ju mìlísẹ́kọ́ǹdì 150 lọ lọ́nà, kí packet tó ń sọ nù má sì tó ẹyọ kan nínú 100.

Ti iná kò le. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń gbé iná fún fóònù, láti ara swíìṣì tó bá ní PoE, ìyẹn agbára láti fi iná gba inú wáyà náà. Kí wọ́n ṣáà ṣírò àpapọ̀ wáàtì tí swíìṣì lè pèsè, torí ihò tó wà lára rẹ̀ lè pọ̀ ju èyí tó lè fún níná lọ. Swíìṣì, ráútà àti módẹ́ẹ̀mù gbọ́dọ̀ wà lórí UPS, ìyẹn ẹ̀rọ bátìrì tó ń gbé iná nígbà tí iná bá lọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, kò sí fóònù tó máa lè pe ẹnikẹ́ni mọ́, títí kan àwọn panápaná.

Bí gbogbo rẹ̀ bá wá pé, tí ìpè ṣì ń wọlé tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbọ́ ohùn èkejì, kí wọ́n yẹ SIP ALG wò nínú ráútà, ìyẹn ètò kan tó ń tún ìsọfúnni ìpè kọ bó ṣe ń kọjá. Ọ̀pọ̀ ráútà máa ń tan án fúnra wọn, ó sì máa ń ba àdírẹ́sì tí ohùn yẹ kó gbà jẹ́. Pípa ni kí wọ́n pa á.