Mixing àti mastering orin tí a gbà sílẹ̀ nílé ní Èkìtì

Mixing ni iṣẹ́ tí a fi ń da àwọn ohùn tí a gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, bí ohùn akọrin, ti ẹlẹ́gbẹ́, ìlù, gìtá àti dùùrù, títí wọn yóò fi di orin kan ṣoṣo tí etí lè tẹ̀ lé. Mastering ló ń tẹ̀ lé e. Òun ni àtúnṣe ìkẹyìn tí a ń ṣe sí orin tó ti di odindi, kí ó lè dún geere lórí rédíò, lórí fóònù, nínú mọ́tò àti lórí àwọn sípíkà gìrìwò tí wọ́n ń tò síbi ìnáwó. Nígbà kan rí, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ méjèèjì ní láti wọkọ̀ lọ sí sítúdíò ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Ní báyìí, ẹni tó ní láptọ́ọ̀pù kan, máìkì kan àti hẹ́dífóònù tó ṣeé gbọ́kàn lé lè ṣe é nínú yàrá rẹ̀ ní Adó-Èkìtì, Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò tàbí Ìkọ̀lé.

Àìlówó lọ́wọ́ kò dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò. Ohun tó máa ń ba orin abẹ́lé jẹ́ jù ni yàrá tí kò dára, ìkánjú, àti etí tí kò fiyè sí ohun tí ọ̀rọ̀ orin náà ń sọ.

Yàrá, òjò àti jẹnẹrétọ̀

Ohun tó bá wọ inú máìkì ni ẹni tó ń ṣe mixing yóò bá ṣiṣẹ́. Àléébù tó bá ti inú yàrá wá ló sì ṣòro jù láti mú kúrò lẹ́yìn náà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Adó-Èkìtì àti àwọn ìlú tó yí i ká ni wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́, tí wọ́n rẹ́ ògiri rẹ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì. Ohùn akọrin yóò kọ lu ògiri bẹ́ẹ̀, yóò tún padà wọ inú máìkì, orin yóò wá dà bí èyí tí wọ́n kọ nínú balùwẹ̀.

Nǹkan tó nípọn tó sì rọ̀ ló ń gba irú ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Fóòmù ibùsùn tí a gbé dúró, bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì tí a ṣẹ́ po, aṣọ òfì tó ti gbó, tàbí wọ́dúróòbù tó kún fún aṣọ tí a ṣí sílẹ̀, gbogbo wọn wúlò. Ẹ̀yìn akọrin ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi aṣọ bò, nítorí ibẹ̀ ni ojú máìkì kọ sí. Páálí ẹyin tí àwọn kan máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ṣe iṣẹ́ tí wọ́n rò pé ó ń ṣe. Ó fúyẹ́ jù láti dá ariwo ìta dúró, ìwọ̀nba ohùn tó tínrín gan-an ló sì lè dín kù díẹ̀.

Òrùlé páànù tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ní àkókò òjò, pàápàá láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá, òjò lè bẹ̀rẹ̀ nígbà tí akọrin bá ti dé ibi tó dùn jù. Kò sí mixing tó lè yọ ariwo òjò kúrò lára ohùn láìmú díẹ̀ lára ohùn náà lọ, nítorí náà ó sàn kí a dúró kí òjò dá. Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ nílé máa ń ṣe é láàárín agogo 12 òru sí agogo 4 ìdájí, nígbà tí àdúgbò ti dákẹ́, tí àkùkọ kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ.

Iná mànàmáná Nàìjíríà jẹ́ ti 50 Hz, ìyẹn ni pé ó ń gbọ̀n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ilé kò bá ní wáyà tó ń gbé iná wọnú ilẹ̀, ohùn 50 Hz yìí àti àwọn ìlọ́po rẹ̀, 100 àti 150 Hz, lè máa kùn lábẹ́ orin. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti bọ́ nínú rẹ̀ ni kí a yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí a fi bátìrì gba ohùn.

Irinṣẹ́

Máìkì dynamic, irú bíi Shure SM58 tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1966, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó jìnnà sí i, ìdí nìyẹn tó fi bá yàrá tí kò tíì gún régé mu. Condenser máa ń gbọ́ kúlẹ̀kúlẹ̀ ohùn jù ú lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ fáànù, ajá àti ọ̀kadà àdúgbò pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì nílò iná 48 volt tí audio interface, àpótí tó so máìkì mọ́ kọ̀ǹpútà, ń fún un. Ẹni tó lówó máìkì kan ṣoṣo, tí yàrá rẹ̀ kò sì dákẹ́, dynamic ló yẹ kó rà. Sọ́kìsì tó mọ́ tí a fà bo wáyà hángà tí a tẹ̀ ní òbìrí yóò gba èémí tó máa ń gbá máìkì nígbà tí akọrin bá pe “b” tàbí “f”. Kí ẹnu jìnnà sí máìkì tó nǹkan bí 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà.

Audacity, ètò kọ̀ǹpútà fún gbígba ohùn tí Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg bẹ̀rẹ̀ ní Carnegie Mellon University ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì gbé jáde ní ọdún 2000, jẹ́ ọ̀fẹ́. Ó dára fún gbígba ohùn àti gígé e, àmọ́ kò rọrùn fún orin tó ní ohùn púpọ̀. Reaper ṣeé dán wò fún 60 ọjọ́, ìwé àṣẹ rẹ̀ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ sì jẹ́ 60 dọ́là. Kọ̀ǹpútà tó ti pẹ́ lè gbé e dáadáa. BandLab jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí fóònù, GarageBand sì wà fún àwọn tó ní ẹ̀rọ Apple. FL Studio tó wá láti Bẹ́ljíọ̀mù ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bíìtì ní Nàìjíríà mọ̀ jù. Plugin (ètò kékeré tí a ń fi kún ètò orin) olówó ńlá tí wọ́n fọ́ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pín kiri kò lérè: ó lè kó kòkòrò wọ kọ̀ǹpútà, ó sì lè kọ̀ láti ṣí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dójú ẹ̀. EQ (tó ń dín ohùn ìsàlẹ̀, àárín tàbí òkè kù tàbí tó ń fi kún un), compressor àti reverb, tí a ó ṣàlàyé nísàlẹ̀, tó bá Reaper wá tó láti parí orin.

Bí owó kò bá tó ra sípíkà sítúdíò, hẹ́dífóònù dára ju sípíkà tí a gbé sí igun yàrá kékeré lọ, torí pé yàrá bẹ́ẹ̀ máa ń parọ́ nípa ohùn ìsàlẹ̀. Sony MDR-7506, tó jáde ní ọdún 1991, wà lára àwọn tí wọ́n ṣì ń lò káàkiri ayé. Èyíkéyìí tí ènìyàn bá rà, kí ó kọ́kọ́ fi í gbọ́ orin tó mọ̀ dáadáa fún ìgbà pípẹ́, kí etí rẹ̀ lè mọ bí hẹ́dífóònù náà ṣe ń sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ mixing

Nígbà gbígba ohùn, ó dára kí a lo 24-bit ní 44.1 tàbí 48 kHz (ìwọ̀n bí kọ̀ǹpútà ṣe ń gba ohùn sílẹ̀ kínníkínní tó), kí ibi tí ohùn ti ga jù má kọjá nǹkan bí −10 dB lórí òṣùwọ̀n. dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó, òdo sì ni òpin rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ohùn tó bá ré kọjá òdo ti gé lórí, kò sì ṣeé tún ṣe dáadáa mọ́.

Apá tó tóbi jù nínú mixing kò nílò plugin kankan. Òun ni pé kí a gbé ohùn kan sókè, kí a sọ òmíràn kalẹ̀, títí ọ̀rọ̀ yóò fi hàn, tí ìlù yóò sì dúró lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni EQ kàn. Etí ènìyàn lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz dé 20,000 Hz. Nínú ohùn akọrin, ohun tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kì í sábà ju ariwo ẹsẹ̀ àti ìkùn iná lọ, a lè gé e dànù. Láàárín 200 sí 400 Hz ni orin yàrá ti máa ń wúwo bí a bá fi púpọ̀ sílẹ̀. Láàárín 2,000 sí 5,000 Hz ni ọ̀rọ̀ ti máa ń là, ìró “s” àti “ṣ” tó ń gún etí sì máa ń wà ní nǹkan bí 5,000 sí 8,000 Hz. Gígé díẹ̀ níbi tó pọ̀jù sàn ju fífi kún gbogbo ibi lọ.

Compressor ń fa ibi tí ohùn ti ga jù wálẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí akọrin rọra sọ má bàa rì. Bí a bá gbé e sí 3:1, tí ohùn sì fi 6 dB kọjá ààlà, 2 dB péré ni yóò fi kọjá nígbà tó bá jáde. Reverb ń fún ohùn ní ààyè. Bí a bá ti gbọ́ ọ kedere pé reverb wà níbẹ̀, ó ti pọ̀jù fún ọ̀pọ̀ orin.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ olórin ló ń kọrin lé bíìtì tó ti parí, tí wọ́n gbà ní fáìlì MP3 kan ṣoṣo. Kò sí bí a ṣe lè sọ ìlù inú rẹ̀ kalẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí a lè ṣe ni kí a gé díẹ̀ nínú bíìtì náà láàárín 2,000 sí 4,000 Hz, kí ohùn rí ibi jókòó sí. Ó sàn púpọ̀ kí olórin tọrọ WAV (fáìlì ohùn tí a kò dín kù bíi MP3) àti ìlù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ṣe bíìtì kó tó sanwó.

Ọ̀rọ̀, ìlù àti ẹlẹ́gbẹ́

Ohùn mẹ́ta ni èdè Yorùbá ní: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀. Orin wa sì máa ń tẹ̀ lé e. Ìdí nìyí tí àwọn ìtọ́sọ́nà mixing tó wá láti òkè òkun kò fi tó fún orin Èkìtì. Auto-Tune, ètò tó ń fa ohùn akọrin tó yẹ̀ padà sí ipò, tí ilé iṣẹ́ Antares gbé jáde ní ọdún 1997, jẹ́ iṣẹ́ Andy Hildebrand, ẹni tó ti kọ́kọ́ ń fi ìgbì ohùn wá epo rọ̀bì lábẹ́ ilẹ̀. Bí a bá mú kí ó yára jù, gbogbo ibi tí ohùn ti ń yọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni yóò di àtẹ̀gùn. Nínú orin tó ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ìyẹn lè sọ gbólóhùn di nǹkan mìíràn. Nínú alámọ̀, ewì alohùn tí àwọn obìnrin Èkìtì máa ń kọ, ìyọ́hùn yẹn gan-an ni ẹwà iṣẹ́ náà. Kò yẹ kí a fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kàn án rárá.

Bákan náà ni dùndún àti gángan. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń sọ, ọṣán, okùn awọ ara ìlù, tí onílù ń fún mọ́ra ló sì ń gbé ohùn náà lọ sókè sódò. Máìkì tó bá sún mọ́ ojú ìlù jù yóò gbọ́ ọ̀pá ju ohùn lọ, nítorí náà ìwọ̀n apá kan dára láti fi bẹ̀rẹ̀. Compressor tó bá yára mú ohùn yóò pa ìlù àkọ́kọ́, níbi tí silébù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ àti ẹnu tó ń kọrin máa ń jà lórí ibi kan náà nínú orin. A lè fi ìlù sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí a sì sọ ọ́ kalẹ̀ ní 2 tàbí 3 dB nígbà tí akọrin bá ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó bá kan ìlù láti sọ tirẹ̀, kí ohun gbogbo yòókù fún un láyè.

Orin ìbílẹ̀ Èkìtì tún mọ́ fún ẹlẹ́gbẹ́ ohùn méjì. Bí àwọn kan ti ń gbé orin lọ lókè, àwọn yòókù á máa bá a rìn nísàlẹ̀ ní ìjìnnà kan náà, nípa bẹ́ẹ̀ ohùn ọ̀rọ̀ kò ní yí. Nínú mixing, aṣáájú máa ń dúró láàárín, ohùn òkè lè lọ sí ọ̀tún díẹ̀, ti ìsàlẹ̀ sí òsì díẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí ẹlẹ́gbẹ́ pọ̀, kí wọ́n tún un kọ. Ẹ̀dà fáìlì kan náà kò ní sọ ènìyàn méjì di mẹ́rin, yóò kàn pariwo sí i ni. Ẹni tó bá ń ṣe mixing tí kò gbọ́ ẹ̀ka èdè Èkìtì yẹ kó gba ọ̀rọ̀ orin náà ní kíkọ sílẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Mastering

Ó dára kí a fi orin sílẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí a tó ṣe mastering, tàbí kí a gbé e fún ẹlòmíràn tí etí rẹ̀ kò tíì rẹ̀. Àtúnṣe EQ níbí kì í sábà ju 1 tàbí 2 dB lọ. Bí ó bá gbà jù bẹ́ẹ̀, inú mixing ni kí a padà sí.

Limiter ló ń gbé orin sókè láìjẹ́ kó gé lórí, −1 dB sì ni ààlà tí ọ̀pọ̀ ń lò. LUFS ni wọ́n fi ń wọn bí orin ṣe pariwo tó sí etí, lórí ìlànà BS.1770 tí ITU, àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé, gbé jáde ní ọdún 2006. Spotify máa ń mú orin wá sí nǹkan bí −14 LUFS, Apple Music sí −16. Orin tí a fún pọ̀ kó lè pariwo ju ìyẹn lọ, wọn yóò sọ ọ́ kalẹ̀, ìmí inú rẹ̀ yóò sì ti bọ́ lọ lásán. Ẹ̀dà Youlean Loudness Meter kan wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún wíwọn èyí. LANDR, iṣẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 2014 máa ń fi kọ̀ǹpútà ṣe mastering ní owó kékeré. Ó wúlò fún orin tí a fẹ́ kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ gbọ́, àmọ́ kò mọ̀ bóyá gángan sọ̀rọ̀ tàbí kò sọ.

Kí a tó fi orin síta, kí a gbọ́ ọ lórí fóònù kékeré, nínú mọ́tò, àti lórí sípíkà kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ibi ìnáwó ló ń da ọ̀tún àti òsì pọ̀, ohùn tó bá sọnù nígbà tí wọ́n bá dà á pọ̀ yóò sọnù lójú agbo.

Etí àti fáìlì

Ní ọdún 1933, àwọn onímọ̀ méjì, Fletcher àti Munson, fi hàn pé etí kì í gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ dáadáa nígbà tí orin bá rọlẹ̀. Ẹni tó ń gbé fóliọ́ọ̀mù sókè sódò nígbà mixing yóò máa tan ara rẹ̀ nípa bass. Ìwọ̀n kan ṣoṣo tó mọ níwọ̀n ló dára, pẹ̀lú ìsinmi láàárín. NIOSH, àjọ tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, fi 85 dB fún wákàtí 8 ṣe ààlà fún òṣìṣẹ́, wákàtí náà sì ń dín sí ìdajì pẹ̀lú 3 dB kọ̀ọ̀kan tó bá lé.

WAV 24-bit ni kí a fi pa orin mọ́, MP3 320 kbps sì tó fún rédíò àti fún fífi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kan án yẹ kó wà ní ibi méjì, ọ̀kan lórí hard disk tí kì í gbé nínú láptọ́ọ̀pù. Bí ohùn náà bá jẹ́ ti ìyá àgbà tó ń kọ alámọ̀, kí a kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tó kọ ọ́ mọ́ fáìlì náà.