Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ilé nínú ètò ìyàwòrán ilé

Ìdagẹ̀rẹ̀ ilẹ̀ ilé ni bí a ṣe ń jẹ́ kí ojú ilẹ̀ balùwẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àgbàlá tàbí orí dẹ́kì rẹlẹ̀ sí apá kan, kí omi lè rí ọ̀nà gbà lọ. Nínú ètò kọ̀ǹpútà bíi Revit ti ilé-iṣẹ́ Autodesk tàbí Archicad ti Graphisoft, ilẹ̀ ilé kì í ṣe ìlà lásán. Ó ní ìnípọn: kọnkéré wà nísàlẹ̀, sìmẹ́ńtì tẹ̀ lé e, táìlì sì wà lókè.

Ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), létí ọ̀sà, ìgbà òjò méjì ló wà lọ́dún: ti àkọ́kọ́ láti nǹkan bí oṣù Kẹrin títí di oṣù Keje, èkejì láti oṣù Kẹsàn-án sí oṣù Kọkànlá. Dẹ́kì tí a bá tẹ́ pẹrẹsẹ níbẹ̀, omi yóò dárogún lórí rẹ̀, yóò sì máa wá ihò wọ inú kọnkéré títí yóò fi kan irin. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ náà lédè Faransé ń pe ìdagẹ̀rẹ̀ ní pente, wọ́n sì ń pe sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń ṣe é ní forme de pente. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni a fi ń wọ̀n ọ́n: 2% ni pé ilẹ̀ lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kọ̀ọ̀kan.

Nínú Revit, bí ilẹ̀ bá máa rẹlẹ̀ sí apá kan ṣoṣo, ọfà ni a ń yà sórí rẹ̀. A ó sọ bí ìdí ọfà àti orí rẹ̀ ṣe ga tó, ilẹ̀ yóò sì tẹ̀ lé e. Èyí bá ọ̀nà kẹ̀kẹ́ aláìlera mu. Òfin Faransé kì í gbà kí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ju 5% lọ, àfi níbi kúkúrú. Kí ó tó gun sẹ̀ǹtímítà 30, yóò gùn tó mítà 6.

Balùwẹ̀ yàtọ̀, nítorí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń da omi sójú ihò kan. A ó fi ojúkò kan (àmì kékeré tí a lè gbé sókè tàbí rẹ sílẹ̀) síbi ihò náà, a ó fa ìlà láti ibẹ̀ dé igun kọ̀ọ̀kan, a ó sì rẹ ojúkò náà sílẹ̀. Ká ní balùwẹ̀ náà gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 1.5, ihò sì wà láàárín gbùngbùn. Láti igun dé ihò jẹ́ mítà 1.25, nítorí náà 2% ń béèrè sẹ̀ǹtímítà 2.5. Ṣùgbọ́n mítà 0.75 péré ni àárín ògiri gígùn fi jìnnà sí ihò, ìdagẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ yóò sì tó 3.3%. Ẹni tó bá fi 2% lé ti ògiri gígùn nìkan, 1.2% ni yóò kù fún igun, omi á sì máa lọ́ra níbẹ̀. Igun ló yẹ ká máa wọ̀n.

Ìnípọn ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Bí a bá rẹ ojúkò sílẹ̀ láìṣe ohun mìíràn, gbogbo ilẹ̀ náà ni yóò tẹ̀, títí kan abẹ́ rẹ̀, àjà yàrá ìsàlẹ̀ yóò sì wọ́ nínú àwòrán. Àwọn bíríkìlà kì í da dẹ́kì bẹ́ẹ̀. Wọ́n á dà á pẹrẹsẹ, wọ́n á fi rọ́bà gbọọrọ tí omi wà nínú rẹ̀ wá ibi tó dọ́gba, kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì ṣe ìdagẹ̀rẹ̀ sókè. Kí àwòrán lè bá iṣẹ́ wọn mu, a ó sọ fún ètò náà pé ìpele sìmẹ́ńtì nìkan ni ìnípọn rẹ̀ lè yí padà. Ìpele kan ṣoṣo ni ó ń gbà bẹ́ẹ̀. Ìpele náà gbọ́dọ̀ nípọn ju bí a ṣe rẹ ojúkò sílẹ̀ tó. Sìmẹ́ńtì sẹ̀ǹtímítà 2 kò lè gba sẹ̀ǹtímítà 2.5, ètò náà yóò kọ̀ ọ́. Bákan náà, ilẹ̀ tí ọfà ti wà lórí rẹ̀ kì í gba ojúkò. A ní láti yọ ọfà náà kúrò ná.

Láti ẹ̀dà 2024 ni Revit ti ń fi irú ojúkò yìí ṣe ilẹ̀ ìta, tó pè ní Toposolid. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) ní Benin, níbi tí òkè àpáta ti yọrí, ayàwòrán-ilé lè fi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè àti àgbàlá sínú àwòrán kan náà, kó sì rí ibi tí àgbàrá yóò gbà kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.