Ewé Rọ: Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Náà Kó Sínú

Ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń gbin tòmáàtì àti ata sábà máa ń bá tọ àwa onímọ̀ ọ̀gbìn wá ni pé ewé ti rọ. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ìrọ kan kò jọ èkejì, ìtọ́jú wọn kò sì dọ́gba.

Kí ohun tí ó dúró ṣánṣán pàdánù agbára rẹ̀ ni rọ. Òun ni Bíbélì Yorùbá lò fún ọkùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ rọ nínú Mátíù orí 12, òun náà ni a sì gbọ́ nínú arọ, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e. Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ ọn, rẹ̀, ti àárẹ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń wí pé ó rẹ̀ mí. Nínú Aísáyà orí 40, koríko ni ó ń rọ, ìtànná ni ó ń rẹ̀. Etí àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì, tí wọ́n ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, mú gan-an ni.

Omi ni ó ń gbé ewé ró. Bí oòrùn ọ̀sán bá fa omi kúrò lára rẹ̀ ju èyí tí gbòǹgbò ń gbé wá lọ, yóò rọ, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ní omi tó, yóò ti nà kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì nílò oògùn kankan. Ọ̀gbìn tí omi dúró sí nídìí náà a máa rọ, nítorí gbòǹgbò tí kò rí afẹ́fẹ́ kò lè fa omi. Ẹni tí ó bá tún bomi rin ín ń pa á ni.

Èyí tí kò nà ní òwúrọ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ewé bá rọ nígbà tí ó ṣì tutù yọ̀yọ̀, ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ẹ sì ki ojú ibi tí ẹ gé bọ omi mímọ́ nínú ife. Bí ohun funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde bí òwú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bakitéríà, kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, tí à ń pè ní Ralstonia solanacearum ni. Kò sí oògùn tí ń wò ó sàn: ẹ fà á tu, ẹ sun ún, kí ẹ sì gbin àgbàdo síbẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ata tàbí ìgbá, nítorí wọ́n máa ń kó o. Ti Fusarium, ohun mìíràn tí ń fa àrùn ìrọ, tí ó bá olú tan, yàtọ̀: ewé ìsàlẹ̀ a kọ́kọ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, inú igi a sì pọ́n bí ilẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń pe onímọ̀ ọ̀gbìn, ẹ sọ àkókò tí ewé rọ, bóyá ó nà ní òwúrọ̀, àti bóyá àwọ̀ rẹ̀ ti kọ́kọ́ yí padà.