Tái bíìmù: igi tó dábùú lábẹ́ òrùlé, kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n kẹ́ ẹ tó pààrọ̀ páànù

Àǹtí mi kan tó ń gbé ilé bàbá wọn ní Ìtòkò, l'Abẹ́òkúta, ló pè mí pé òjò ti ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì, páànù ti dípẹtà, ikán sì ti jẹ igi mẹ́ta, wọ́n fẹ́ ṣí gbogbo ẹ̀ kí wọ́n kan tuntun. Mo ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti fẹ́ parí kí wọ́n tó wá ní, "Àbúrò mi, tọ́mọ yìí bá ti jáde yunifásítì, mo fẹ́ ṣe yàrá kan fún un sórí àjà yẹn o." Mo ní ẹ dúró ná mà, ẹ má tíì ra pákó kankan.

Nǹkan tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni igi táwọn káfíńtà ń pè ní tái bíìmù. Tẹ́ ẹ bá gorí àjà tẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, òun ni igi gbọọrọ tó dábùú látorí ògiri kan dé èkejì, òun náà ni wọ́n kan sílíìn mọ́ nísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí sílíìn nìkan ló ṣe wà níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ mú ìwé kan, ẹ ṣí i, ẹ dojú ẹ̀ dé orí tábìlì kó dà bí òrùlé, kẹ́ ẹ wá fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí i tẹ́sẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ń yọ̀ lọ, ọ̀kan sọ́tùn-ún, ọ̀kan sósì. Bí ráftà, ìyẹn àwọn igi tó dagun tó gbé páànù, ṣe ń ti ògiri síta nìyẹn, tọ̀sán tòru, ìjì òjò tún wá ń fi tiẹ̀ kún un. Ẹ wá fi òwú so ẹsẹ̀ ìwé yẹn méjèèjì pọ̀, kẹ́ ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kò ní lọ síbì kankan. Òwú yẹn ni tái bíìmù.

Ẹni tí ò mọ èyí, tó bá dọjọ́ tó fẹ́ ṣe yàrá sórí àjà, á ní igi yìí ń dí òun lọ́nà, á gé e. Mo ti dé ilé kan lápá Láfẹ́nwá tí wọ́n ti gé mẹ́rin, ògiri ẹ̀yìn ti fì síta, ó là lókè débi pé ìka mi méjì wọnú ẹ̀. Ó dùn mí gan-an torí owó tí wọ́n fi tún ògiri yẹn mọ ju owó yàrá lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì ni pé igi tó lè gbé sílíìn ò túmọ̀ sí pé ó lè gbé èèyàn. Nínú ìlànà ìkọ́lé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n máa ń ṣírò pé ó lè gorí igi àjà lásán jẹ́ nǹkan bíi kílò 25 lórí mítà kan níbùú lóròó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ yàrá tí èèyàn á máa gbé jẹ́ nǹkan bíi kílò 150. Àpò sìmẹ́ńtì wa jẹ́ kílò 50, ẹ wò ó, ìdajì àpò rèé, àpò mẹ́ta rèé. Tẹ́ ẹ bá wá lọ gbé tánkì omi lítà 1000 síbẹ̀, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ní gbà kí wọ́n lo 2 by 3, ìyẹn igi tó nípọn ní ínṣì 2 tó sì ga ní ínṣì 3, fún igi tó máa di ilẹ̀ yàrá lọ́la. Ẹ mú rúlà ọmọléèwé, ẹ dì í mú ní pẹrẹsẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀. Ẹ wá gbé e dúró lórí etí ẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Gíga igi ló ń fún un lágbára. Tẹ́ ẹ bá gbé 2 by 6 dúró, líle ẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́jọ ti 2 by 3 tó dúró bíi tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ owó ẹ̀ ò tó ìlọ́po mẹ́jọ. Bó bá sì ṣe jìnnà tó láàárín ògiri méjì ni igi náà gbọ́dọ̀ ga sí i, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà ṣírò ìyẹn, kó má jẹ́ ojú la fi ń wò ó.

Gíga òrùlé náà ńkọ́? Ilé tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tí òrùlé ẹ̀ bá dagun ní dígírì 30, góńgó ẹ̀ á ga ju ẹsẹ̀ bàtà 8 lọ, èèyàn á dúró dáadáa láàárín. Tó bá jẹ́ dígírì 15, ẹsẹ̀ bàtà 4 péré ni, ẹ ó máa rákò ni. Òrùlé pẹrẹsẹ tó ń fara pa mọ́ sẹ́yìn pàrápẹ́ẹ̀tì (ògiri kékeré tó yọ sókè létí òrùlé), tó wọ́pọ̀ láyé ìsinyìí, rẹwà o, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n kò sí yàrá nínú ẹ̀. Ẹ tún kìlọ̀ fún káfíńtà ṣáájú, torí tí ò bá mọ̀, á to òpó àti igi dagundagun kún àárín gbùngbùn ibi tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe yàrá, bẹ́ẹ̀ ó lè kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ògiri ńkọ́? Ilé alámọ̀ tí wọ́n kàn fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára ṣì pọ̀ ní Ìtòkò àti Aké, kẹ́ni tó mọṣẹ́ wo ògiri àti ìpìlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbé yàrá lé e. Ooru abẹ́ páànù náà kì í ṣe kékeré, ẹ fi ihò atẹ́gùn sílẹ̀ lápá méjèèjì.

Ti Àǹtí mi, bílọ́ọ̀kù ni ilé wọn, ẹnjiníà ní ó lè gbé e. Páànù tuntun ti wà lórí, 2 by 6 ló wà nísàlẹ̀, a sì ti fi àyè àtẹ̀gùn sílẹ̀ lókè kọ́rídọ̀, igi méjì méjì la kàn pọ̀ yí ẹnu ihò náà ká. Sílíìn la fi bò ó, ìṣó mẹ́jọ péré la kàn mọ́ ọn, kó lè rọrùn láti yọ.