Ṣé Ducati ti fi desmo sílẹ̀ ni? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ẹ̀yin tí ẹ ní Ducati àtijọ́ ní gáréèjì

Láti òpin ọdún 2024, tí Ducati, iléeṣẹ́ alùpùpù ilẹ̀ Ítálì, gbé ẹ́ńjìnnì V2 tuntun jáde láìfi desmo (ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa fáàfù ẹ́ńjìnnì dé láìgbára lé sípíríǹgì) sí i nínú, ni ìbéèrè ti ń rọ́ wọlé fún mi. Àwọn kan ní iléeṣẹ́ náà ti da ẹ̀sìn bàbá wọn nù. Ẹnì kan ní òun fẹ́ yára ta alùpùpù Ducati Monster òun kí páàtì tó wọ́n. Ẹlòmíràn béèrè ohun tí desmo jẹ́ gan-an, ó sì ti gun ọ̀kan fún ọdún mẹ́fà. Mo kó ìbéèrè náà jọ síbí.

Kí ni Ducati ṣe gan-an?

Wọ́n ṣe ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjì kan tó jẹ́ 890 cc. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ 54.4 kg, wọ́n sì ní kò sí onísílíńdà méjì kankan tí àwọn ṣe rí tó fúyẹ́ tó o. Sípíríǹgì ló ń pa fáàfù rẹ̀ dé, bíi ti alùpùpù gbogbo ayé. Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí: ní 2020, ẹ́ńjìnnì V4 Granturismo tí wọ́n fi sára alùpùpù Multistrada V4 ti lo sípíríǹgì. Àwọn èèyàn pariwo nígbà náà pẹ̀lú. Nígbà tó yá, wọ́n lọ ra Multistrada.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni desmo?

Ẹ wo fáàfù bí ilẹ̀kùn ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan ń ṣí kí epo àti atẹ́gùn wọlé, ìkejì ń ṣí kí èéfín jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 8,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣí kó sì tún dé ní ìgbà 4,000. Káàmù, ìyẹn ọ̀pá tó ní gọngọ lára, ló ń tì í ṣí. Ta ló wá ń pa á dé?

Ẹ rántí ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì ilé wa, èyí tí káfíńtà so sípíríǹgì mọ́ lẹ́yìn. Ẹ tì í, ẹ wọlé, ó fà á padà fúnra rẹ̀, gbàà! Ó dáa bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọlé, sáré jáde. Kó tó dé tán, ẹlòmíràn ti tún tì í. Láìpẹ́, ilẹ̀kùn náà á kàn máa mì ní àárín, kò ṣí, kò dé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì tó ń sáré ju agbára sípíríǹgì rẹ̀ lọ nìyẹn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé písítìn ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀, tí kò bá sì bá ilẹ̀kùn ní dídé, yóò fi orí gbá a.

Desmo ní òun kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún sípíríǹgì. Ó fi ẹnì kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Gọngọ kan ń tì í ṣí, gọngọ kejì ń fi apá irin mìíràn fà á dé, ẹ́ńjìnnì ì báà sáré bí i kí ló dé. Èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà: desmos ni ìdè, dromos ni eré sísá. Fáàfù náà ń sáré, àmọ́ wọ́n dè é lókùn.

Ṣé kò wá ní sípíríǹgì rárá?

Ó ní kékeré kan tó ń bá a dé pinpin nígbà tí ẹ bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá ní kò sí rárá kò tíì tú u wò rí.

Ṣé Ducati ló kọ́kọ́ ronú rẹ̀?

Rárá o. Mọ́tò ìdíje Mercedes W196 ti lò ó ní 1954. Ọdún yẹn kan náà ni ẹnjiníà Fabio Taglioni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ducati, ní Borgo Panigale ní ìlú Bologna. Irin tí wọ́n fi ń ṣe sípíríǹgì láyé ìgbà náà kò ṣe é gbára lé, ó ń ṣẹ́ lójú ìdíje. Ní 1956, alùpùpù 125 cc rẹ̀ tó ní desmo gba ipò kìíní níbi ìdíje àkọ́kọ́ tó lọ, ní Hedemora ní Sweden. Ó di 1968 kí ẹni tí kì í díje tó lè ra ọ̀kan gùn lójú títì. Ní oṣù kẹrin ọdún 1972 wọ́n gbé alùpùpù 750 cc wọn lọ díje ní Imola ní Ítálì: Paul Smart ṣe ipò kìíní, Bruno Spaggiari tí àwọn méjèèjì jọ gun Ducati ṣe ìkejì. Láti ọjọ́ yẹn ni desmo ti kúrò ní ọ̀rọ̀ irin, tó di ọ̀rọ̀ ìgbéraga.

Tó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n ń fi í sílẹ̀?

Nítorí pé sípíríǹgì òde òní kì í ṣe ti 1956 mọ́, nítorí owó iṣẹ́ pẹ̀lú. Lára ẹ́ńjìnnì onísípíríǹgì, àlàfo kan (àyè tín-ín-rín láàárín irin àti irin) lẹ ó wọ̀n fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Lára desmo, méjì ni: ti apá tó ń ṣí àti ti apá tó ń pa dé. V4 Granturismo ń rin 60,000 km kí ẹnikẹ́ni tó yẹ fáàfù rẹ̀ wò, V2 tuntun ń rin 30,000 km. Ẹni tó ti gba bíìlì iṣẹ́ fáàfù Ducati àtijọ́ rí kò ní béèrè ìdí. Èmi gba tiwọn rò. Ọ̀pọ̀ wa tó ń fi desmo yangàn kò gun alùpùpù náà débi tí sípíríǹgì ti ń rẹ̀ rí.

Ṣé desmo ti kú nìyẹn?

Kò kú. Panigale V4 ṣì ní in, ẹ́ńjìnnì onísílíńdà kan tí wọ́n gbé jáde ní 2023 fún Hypermotard 698 Mono ní in, alùpùpù tí wọ́n fi ń díje ní MotoGP sì ń jẹ́ Desmosedici títí di òní.

Ṣé màá ṣì rí páàtì Monster mi ti ọdún 1990 ó lé rà?

Ẹ óò rí i. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe bẹ́líìtì, fíltà, páàdì bíréèkì àti pulọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í ṣe Ducati nìkan. Àwọn tó ní ti ọdún 1970 ó lé, tí ọ̀pá àti eyín irin ń yí káàmù rẹ̀ kí bẹ́líìtì tó dé bá alùpùpù Pantah ní 1979, àwọn gan-an ni páàtì ń wọ́n fún, ó sì ti ń wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ nípa V2.

Ṣé mo lè tọ́jú rẹ̀ fúnra mi nílé?

Ẹ lè ṣe é, bí ẹ bá ní sùúrù, ìwé atọ́nà alùpùpù yín gan-an (kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀), àti sípánà tó ń wọn bí a ṣe fún bóòtù tó. Mo máa pẹ́ díẹ̀ lórí èyí, torí ibi tí mo ti ń rí i pé èèyàn ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ nìyí. Kì í sì í ṣe desmo ló ń pa Ducati àtijọ́. Bẹ́líìtì ni.

Bẹ́líìtì méjì ló ń yí káàmù, ọ̀kan fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ni, ó sì ń gbó bí alùpùpù bá tilẹ̀ dúró sójú kan. Bí ọ̀kan bá já lórí eré, fáàfù àti písítìn á kọlu ara wọn, owó ẹ́ńjìnnì lẹ ó sì máa wá. Ọdún méjì méjì ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń pààrọ̀ rẹ̀ lára àwọn àtijọ́ yìí, ì báà rìn, ì báà má rìn.

Nígbà tí mo ra Monster 900 mi, ẹni tó tà á fún mi búra pé kò tíì pé ọdún kan tí òun pààrọ̀ bẹ́líìtì. Mo tú ìdérí oníke ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ní ìdí eyín kọ̀ọ̀kan, rọ́bà náà ti sán bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kò kun òróró nígbà ọyẹ́. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ti parẹ́ pátápátá. Bẹ́líìtì ọdún kan kì í rí bẹ́ẹ̀. N kò tan alùpùpù náà mọ́ títí tuntun fi dé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe lọ nìyí. Mo yọ bátìrì, kí ìka ẹnikẹ́ni má baà kan sítátà. Mo yọ pulọ́ọ̀gì méjèèjì kí ẹ́ńjìnnì lè yí wẹ́rẹ́. Mo gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, mo fi í sí jíà tó ga jù, mo wá ń fọwọ́ yí táyà náà síwájú díẹ̀díẹ̀ títí àmì ara pọ́ọ̀lì tí bẹ́líìtì ń yí fi bá àmì ara ẹ́ńjìnnì mu. Mo tún fi ọ̀dà funfun kun àmì tèmi sí i, torí àwọn ti iléeṣẹ́ kéré, ojú mi kò sì kéré mọ́ lọ́jọ́ orí. Lẹ́yìn náà ni mo tú róólà tó ń fún bẹ́líìtì, mo sì bọ́ ọ. Láti ìgbà yẹn, ẹ má yí ohunkóhun! Mo fi ìka ta róólà náà: tó bá ń dún bíi pé iyanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ òun náà.

Bẹ́líìtì tuntun wọlé tán, ó wá ku bí a ó ṣe mọ̀ pé ó fún tó. Ẹ fi ìka ta á bí okùn gìtá, ẹ gbé fóònù sún mọ́ ọn. Áàpù wà tó ń ka iye ìgbà tí okùn gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìwé atọ́nà á sì sọ iye tí ẹ ń wá. Ìgbà mẹ́rin ni mo sún róólà náà, mo fún un, mo ta á, mo tú u, mo tún fún un, bí onígángan tó ń wá ohùn. Ìyàwó mi yọjú, ó ní ṣé àríyá wà ni.

Ní ìparí, mo fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí àmì gbogbo fi tún padà sípò lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá há níbì kan, ẹ má fi agbára tì í. Nǹkan ti kan nǹkan nìyẹn.

Àlàfo fáàfù ńkọ́?

Ti wíwọ̀n, ẹ lè ṣe é. Àlàfo apá tó ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bébà kan ní nínípọn, ti apá tó ń pa dé kì í tó bẹ́ẹ̀. Ti àtúnṣe ni ó gba ọwọ́: ẹ óò yọ irin roboto kékeré tó wà níbẹ̀, ẹ óò fi èyí tó nípọn díẹ̀ jù ú tàbí tó fẹ́lẹ́ jù ú dípò. Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ wo ojú apá irin tí káàmù ń fara nù. Lára àwọn ti ọdún 1980 ó lé àti 1990 ó lé, kúróòmù ibẹ̀ máa ń bó. Tó bá ti ń bó, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kílọ́ọ̀ṣì mi ń pariwo ṣákaṣàka bí agolo tó kún fún ìṣó. Ṣé ó ti bàjẹ́?

Bó bá jẹ́ èyí tí kì í wà nínú ọ́ìlì, bó ṣe ń ké nìyẹn. Àwọn kan ń sanwó kún owó kó lè ké jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Epo E10 tó wà ní Ìlú Ọba báyìí ńkọ́?

Láti oṣù kẹsàn-án 2021 ló ti di epo tó wọ́pọ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lè ní ẹtánọ́ọ̀lù tó tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹtánọ́ọ̀lù sì ń fa omi mọ́ra, ó ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Ẹ ra E5 tí wọ́n ń pè ní súpà. Bí alùpùpù yóò bá sùn ní gbogbo ìgbà òtútù, ẹ fa epo inú kábúrétọ̀ gbẹ. Àwọn tó ní táńkì fáíbà ti ọdún 1970 ó lé ni kó bẹ̀rù jù, epo yìí ń yọ́ ọ láti inú.

Ṣé mo lè gùn ún wọ London?

Ẹ lè gùn ún wọ̀ ọ́, àmọ́ èyí tí kò bá ìlànà èéfín ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní Euro 3 mu ń san £12.50 lóòjọ́. Èyí tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ẹ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí ọkọ̀ àtijọ́, kì í san. Monster àkọ́kọ́ jáde ní 1993, ẹ ṣírò rẹ̀.

Mo fẹ́ ra ọ̀kan. Kí ni kí n bẹ̀rù?

Ẹ bẹ̀rù ọwọ́ tó ti kọjá lára rẹ̀ ju Ducati fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ wo orí bóòtù, tó bá ti di roboto, ẹni tó ní sípánà burúkú ti débẹ̀. Ẹ tọpa wáyà yẹ́lò tó ti ara ẹ́ńjìnnì lọ síbi tí wọ́n ti ń díwọ̀n iná tó ń wọ bátìrì, kí ẹ sì tú ibi tí wọ́n ti so ó wò. Bí oníke ibẹ̀ bá ti di pupa rúsúrúsú tàbí tó ti yọ́, iná rẹ̀ á kú lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan tí òjò bá ń rọ̀. Ẹ béèrè rìsíìtì bẹ́líìtì. Bí kò bá sí rìsíìtì, a jẹ́ pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀.

Èmi ti ní tèmi. Ṣé kí n yára tà á?

Nítorí V2 kẹ̀? Ọjọ́ wo lẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ kẹ́yìn? Bí ẹ kò bá rántí, ẹ má tíì tan án.